Ààrẹ Gbádégẹṣin àti Àpótí Orí Òkè

Ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ iwájú kí ọ̀rọ̀ lè dé etí yín, nítorí ẹ̀kọ́ òní kò gùn: ẹni tó bá sọ fún yín pé orí òkè lòun ti ń bọ̀, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Barnawa, ní ìlú Kaduna, tó ń jẹ́ Gbádégẹṣin. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ náà sì ni pé kí ó máa gbé fáìlì láti orí tábìlì tirẹ̀ lọ sí orí tábìlì ẹlòmíràn, kí ó sì bínú bí wọ́n bá dá a padà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé sú u. Kò rí ẹni tí yóò dìde fún un mọ́ àyàfi ìyàwó rẹ̀, ìyẹn náà sì ti ń sọ pé orúnkún ń dun òun. Ìdí nìyí tí inú rẹ̀ fi dùn lọ́jọ́ tí Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ Ọmọ Yorùbá ní Barnawa fi í jẹ ààrẹ. Àwọn tó yàn án rò pé iṣẹ́ làwọn fún un. Òun rò pé ìtẹ́ ni.

Kò pẹ́ tí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ fi yí padà. Wọ́n gbé àga Ààrẹ lé orí búlọ́ọ̀kù méjì kí ó lè ga ju tàwọn tó kù lọ. Lọ́jọ́ kan, pásítọ̀ kan tó ga bí òpó iná wá kí wọn, orí rẹ̀ sì yọ ju ti Ààrẹ lọ lórí ìjókòó. Kí ìpàdé mìíràn tó dé, búlọ́ọ̀kù ti di mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ Ààrẹ kò ti kan ilẹ̀ mọ́ nínú ìpàdé. Ó ń fì bí ẹsẹ̀ ọmọ tó jókòó sórí ògiri. Ephraim, akọ̀wé ẹgbẹ́, tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì, ló ń kọ ìwé ìpàdé. Bí Ààrẹ bá wúkọ́, Ephraim á kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Níbí ni Ààrẹ ti wúkọ́ pẹ̀lú ọgbọ́n." Bí Ààrẹ bá sùn lọ, á kọ ọ́ pé, "Ààrẹ ronú jinlẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú."

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Ààrẹ ń wá láyé: sáà kejì. Òfin ẹgbẹ́ sọ pé ààrẹ tó bá ṣe sáà méjì nìkan ni wọ́n lè gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn títí láé. Ìdìbò di oṣù Kejìlá ọdún 2013. Alhaja Hassanat, ìyá àgbà ọmọ Ìlọrin kan tó ń gbé ní Zaria, ni yóò bójú tó o. Oṣù Kẹrin la ṣì wà nínú ìtàn yìí o, Ààrẹ sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri.

Ní ìpàdé oṣù náà ni Tinúkẹ́ dìde. Tinúkẹ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọdé inú ẹgbẹ́ ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n. Gbogbo wọn gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí o bá fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, Hausa ni wọn yóò fi dá ọ lóhùn, bí o bá sì bínú, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ọ́.

Ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn búlọ́ọ̀kù náà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ fi àpótí kan pamọ́ sórí òkè fún àwọn ọmọ. Ẹni tó bá wá a rí, á kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó rí lọ́nà sínú ìwé tó wà nínú rẹ̀. Yorùbá nìkan ló gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́."

"Òkè wo?"

"Ọ̀kan wà lọ́nà Kajuru, sà. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ níbí, kò ní jẹ́ awárí mọ́."

"Ta ló máa wá rí àpótí náà níbẹ̀?"

"Ẹni tó bá wá a, sà. A máa fi í pamọ́ ni."

Ààrẹ yíjú sí Ephraim. "A máa fi iṣẹ́ Ààrẹ pamọ́?"

"Ká má rí i, Bàbá," ni Ephraim wí.

Kí ó má baà di pé ọ̀rọ̀ ń kọjá lórí àwọn kan nínú yín, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ká ṣàlàyé. Àpótí awárí ni àpótí kékeré tí ènìyàn fi pamọ́ síta, sórí òkè tàbí sínú igbó. Ẹni tó fi í pamọ́ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ jípíẹ́sì. Ẹ̀rọ náà á gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì tó wà lójú ọ̀run, yóò sì fún un ní nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ibi tó dúró sí gan-an. Nọ́ńbà yìí nìkan ni wọ́n á fún àwọn tó fẹ́ wá a. Bí o bá rí àpótí náà, wàá kọ orúkọ rẹ, wàá mú nǹkan kékeré kan níbẹ̀, wàá fi ohun tó tó o tàbí tó jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, wàá sì dá àpótí padà sí ihò rẹ̀. Ó parí. Kò sí àmì-ẹ̀yẹ, kò sí alága ọjọ́. Ìdí gan-an nìyẹn tí kò fi yé Ààrẹ.

"Tinúkẹ́," ó ní, ó na ọwọ́ kan bí ẹni tó fẹ́ dá òjò dúró, "iṣẹ́ ńlá lo gbé wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ kò mọ̀. Èmi Gbádégẹṣin, láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé òkè kan ń dúró dè mí níbì kan. Àpótí náà ti di Àpótí Ààrẹ. Àwòrán mi yóò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú férémù. Èmi ni mo máa tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ náà. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wá àpótí náà títí di ọjọ́ tí mo bá ṣí i fún aráyé."

"Ranka ya daɗe," ni Ephraim wí, bí àwọn ará ààfin ṣe ń kí ẹ́míà pé kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn.

Bẹ́ẹ̀ ni Barnawa ṣe ní àpótí awárí tí a kò gbọdọ̀ wá. Wọ́n tilẹ̀ fẹ́ gbé bọ́ọ̀dù kan tó ní ọfà sórí òkè náà, kí ọfà náà lè tọ́ka sí ibi tí wọ́n fi àpótí pamọ́ sí. Oore-ọ̀fẹ́ kan ló yọ Tinúkẹ́: oyè Ààrẹ kún bọ́ọ̀dù náà kí ẹni tó ń kọ ọ́ tó kan ọfà, wọ́n ní kí ó lọ wá pákó mìíràn wá, kò sì tíì padà títí di òní.

Tinúkẹ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àpótí náà. Ó wá ike kọ́sítáàdì ńlá kan tó ní ìdérí, ó kùn ún ní àwọ̀ eérú, ó sì da iyanrìn lé ọ̀dà náà kí ó tó gbẹ, tó fi jẹ́ pé bí o bá gbé e sáàárín òkúta, o lè jókòó lé e lórí láìmọ̀. Ó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, ó fi yí ẹnu rẹ̀ ká kí omi má baà wọlé. Ó di ìrẹsì gbígbẹ sínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́, nítorí ìrẹsì máa ń fa ọ̀rinrin mu. Ó ká ìwé sínú ọ̀rá méjì. Pẹ́ńsù ló fi sí i, kì í ṣe bírò, nítorí bí omi bá kan tádàwà, ọ̀rọ̀ á ṣàn lọ, ṣùgbọ́n ti pẹ́ńsù á dúró. Pẹ́ńsù ni o, ẹ fi sọ́kàn.

Ní Sátidé tí wọn yóò gbé e lọ, mọ́tò ti ń dúró lẹ́nu géètì Ààrẹ. Ààrẹ kò jáde. Ó jókòó sẹ́yìnkùlé rẹ̀ nínú agbádá funfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì omi, àgbà ẹgbẹ́ mẹ́fà sì yí i ká.

"Ẹ gbé ẹ̀rọ náà wá," ó ní.

Ezra ló ni ẹ̀rọ náà. Awọnlẹ̀ ni, ará Ungwan Romi, ọmọ ilẹ̀ yẹn, tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn ayálégbé ilé wọn tó wá láti Ọ̀yọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Bàbá, a ò tíì dé òkè."

"Mo mọ̀."

"Orí òkè la ti ń tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

Ààrẹ rẹ́rìn-ín ẹni tó ń ṣàánú òpè. "Ezra, ọmọ mi, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣí iná ìlú, ṣé ọ̀gá máa ń gun òpó iná lọ ni? Ilẹ̀ ló máa ń dúró sí tẹ bọ́tìnì. Iná á sì tàn lókè."

Ephraim pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà mẹ́fà náà wo ara wọn.

Tinúkẹ́ kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ibi tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ ni ẹ̀rọ yìí máa kọ sílẹ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ níbí, ẹ̀yìnkùlé yín ni wọ́n máa wá."

"Tinúkẹ́, ibi tí mo bá dúró sí náà ni ibi pàtàkì. Ẹ̀rọ tó ń bá ọ̀run sọ̀rọ̀, ṣé kò ní mọ èrò ọkàn mi ni? Mo máa fọkàn sí òkè náà bí mo bá ń tẹ̀ ẹ́."

Nínú àwọn àgbà mẹ́fà yẹn, ọ̀kan ti ṣiṣẹ́ réluwéè fún ogún ọdún, èkejì sì ti kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì rí. Kò sẹ́ni tó lanu. Àwọn ènìyàn wa, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n: wọn kì í sọ fún àgbà pé irọ́ lo pa. Wọ́n á jẹ́ kí irọ́ náà dàgbà, kí ó gbó, títí yóò fi já ara rẹ̀.

Ààrẹ di ojú, ó fọkàn sí òkè tí kò rí rí, ó sì tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ náà dún píì. Ephraim kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé ìpàdé lójú ẹsẹ̀, ó lu òǹtẹ̀ lé e, ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí i padà láéláé." Lẹ́yìn náà Ààrẹ wọlé lọ sùn, ó ní òkè náà ti rẹ òun.

Tinúkẹ́ àti Ezra nìkan ló gbé ike kọ́sítáàdì lọ. Òkè náà ń jẹ́ Dutsen Zomo, ìyẹn Òkè Ehoro ní Hausa, nítorí òkúta méjì tó dúró gbọnrangandan lórí rẹ̀ ló jọ etí ehoro. Wákàtí méjì ni wọ́n fi gùn ún. Tinúkẹ́ ti àpótí náà bọ inú àlàfo tó wà láàárín etí méjèèjì, ó gbé òkúta pẹlẹbẹ kan lé e, Ezra sì rọra tẹ bọ́tìnì tirẹ̀, ó kọ nọ́ńbà tòótọ́ sórí bébà sìgá fún un. Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ Tinúkẹ́ lóminú. Férémù àwòrán Ààrẹ tóbi, igun rẹ̀ kan ń ti ìdérí sókè, rọ́bà kò sì jẹ ẹnu ike náà dáadáa.

Òjò oṣù Kẹfà fi ohun tí férémù náà ṣe hàn. Tinúkẹ́ máa ń lọ wo àpótí náà lóṣooṣù, nítorí pé fífi àpótí pamọ́ rọrùn, títọ́jú rẹ̀ ni iṣẹ́. Ó bá omi nínú rẹ̀. Ìrẹsì ti bu nínú ìbọ̀sẹ̀. Ó tú ìwé náà sórí òkúta gbígbóná, ó fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó sì jókòó tì í títí ó fi gbẹ. Olu kékeré funfun ti hù sára àwòrán náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi irùngbọ̀n lọ sókè. Ó yọ ọ́ kúrò, ó pààrọ̀ rọ́bà àti ìrẹsì, ìdérí sì pa dé.

"Àwòrán mi ńkọ́?" Ààrẹ bi í ní ìpàdé.

"Òtútù mú un sà. Mo gbé e sílé mi kó lè móoru."

"O ṣeun. Òkè náà tutù lóòótọ́. Èmi náà kíyè sí i nígbà tí mo gùn ún."

Ẹ gbọ́ ọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ní oṣù Kẹfà, ó ti gun òkè lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Keje, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní oṣù Kẹsàn-án, ó sọ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé, "Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ti fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì gun òkè yẹn, àwọn ẹyẹ ibẹ̀ ti mọ ìró bàtà mi, ẹkùn tó bá wà níbẹ̀ ti kó lọ nítorí ọ̀wọ̀." Ephraim kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹkùn mẹ́ta ló kó lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá a du ipò ti ń sọ ọ́ kiri pé orúnkún Ààrẹ kò gbé àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé Zaria. Alhaja Hassanat ránṣẹ́ pé òun máa wá wo ọjọ́ ìwákiri tí Ààrẹ máa ṣí àpótí náà fún aráyé, kí ìdìbò tó dé, nítorí pé òun kì í fi ohun tí òun gbọ́ ṣèdájọ́, ohun tí òun bá rí ni.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ààrẹ, àmọ́ ó tún rí ọ̀nà iyì nínú rẹ̀. Ó pe ìpàdé pàjáwìrì. "Lọ́jọ́ náà," ó ní, "èmi nìkan máa gun òkè ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Mo máa jókòó ti àpótí náà. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà tí mo tẹ̀, ẹ má fi ohun mìíràn kún un. Ẹni tó bá tẹ̀lé nọ́ńbà náà débẹ̀, èmi ni yóò bá."

Ẹ di gbólóhùn yẹn mú dáadáa, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí Ààrẹ ti sọ látọjọ́ tó ti gorí búlọ́ọ̀kù, òun nìkan ló ṣẹ.

Tinúkẹ́ kọ lẹ́tà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó fi nọ́ńbà tó wà lórí bébà sìgá sínú rẹ̀, ó bẹ Ààrẹ pé kí ó jẹ́ kí wọ́n lò ó. Ephraim ló gbé lẹ́tà náà padà wá pẹ̀lú èsì.

"Ààrẹ ti kà á, Ààrẹ kò gbà," ó ní. "Nọ́ńbà tí Ààrẹ tẹ̀ kì í yẹ̀. Ó tún ní tí ẹ bá tún mẹ́nu kàn án, ẹlòmíràn lè gba kíláàsì Sátidé."

"Bọ̀dá Ephraim, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́."

"Mo wà níbẹ̀."

"Kí lẹ rí?"

"Anti Tinúkẹ́, ibi tí mo ti ń jẹun ni mo rí. Ẹ jẹ́ n lọ."

Tinúkẹ́ ronú kan àwọn ọmọ mọ́kànlá náà. Ó ká lẹ́tà náà sínú àpò, ó sì pa ẹnu mọ́.

Ọjọ́ ìwákiri pé ní oṣù Kọkànlá. Pápá ilé-ìwé kan ní Barnawa ni wọ́n ti pàdé. Àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wá láti Zaria àti Ungwan Dosa, wọ́n tó ọgọ́ta. Bọ́ọ̀sì méjì ti wà nílẹ̀ tí yóò gbé wọn gba ọ̀nà Kajuru. Alhaja Hassanat jókòó sórí àga ike, ó gbé ìwé ìpàdé lé itan.

"Ẹ̀yin méjì tí ẹ fi í pamọ́," ó sọ fún Tinúkẹ́ àti Ezra, "ẹ ò gbọdọ̀ la ẹnu yín. Ẹ̀rọ nìkan ló máa sọ̀rọ̀."

"Mo ti sọ tèmi tán, Alhaja," ni Tinúkẹ́ wí.

Wọ́n fún Iyìolúwa, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan nínú kíláàsì Sátidé, ní ẹ̀rọ náà. Alhaja ka nọ́ńbà, Iyìolúwa tẹ̀ ẹ́. Ó wo ojú ẹ̀rọ náà títí.

"Mítà irínwó," ó ní.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì yọrí. "Òkè wo ló wà ní mítà irínwó níbí? Mo ti bí ọmọ márùn-ún ní Barnawa, n kò rí òkè rí."

"Ìwọ kọ́ ni wọ́n bi," Alhaja sọ fún un, ó dìde, ó gbá aṣọ rẹ̀ mọ́ra. "Kí ni ọfà ojú ẹ̀rọ náà wí?"

"Ó ní ká gba ojú títì yẹn, mà."

"Ó dáa. Ẹ pa bọ́ọ̀sì. Òkè tó sún mọ́lé ò burú fún orúnkún."

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ lójú títì, ká sáré dé ẹ̀yìnkùlé Ààrẹ.

Ààrẹ kò gun òkè kankan. Ó jí, ó gbọ́ ohùn orúnkún rẹ̀, ó sì gbà fún un. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì omi nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú abọ́ omi gbígbóná, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ètò rẹ̀ dára lójú ara rẹ̀. Bí aago mẹ́wàá bá lù, Ephraim yóò fi mọ́tò gbé e gba ẹ̀yìn lọ sí ìsàlẹ̀ òkè. Yóò jáde láti inú koríko bí àwọn ènìyàn bá ti ń gòkè, yóò ní òun ti dúró dè wọ́n títí, òun ti sọ̀kalẹ̀ wá wò wọ́n. Ìyá Ṣeunfúnmi, ìyàwó rẹ̀, ti fi ẹrẹ̀ kun bàtà rẹ̀. Ephraim kúnlẹ̀, ó ní ọ̀rá kan lọ́wọ́ tó kún fún abẹ́rẹ́ olóko, èso igbó tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ṣòkòtò Ààrẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Fi kún ti òsì," ni Ààrẹ ń wí. "Ẹsẹ̀ òsì ni mo máa ń fi ṣíwájú bí mo bá ń gòkè."

"Ó rí bẹ́ẹ̀, Bàbá. Gbogbo akọni ló ń fi òsì ṣíwájú."

Ààrẹ di ojú. Ó rí àwòrán ara rẹ̀ lórí ìṣó náà. Ó ń yan férémù lọ́wọ́, aláwọ̀ wúrà ni àbí dúdú, nígbà tó gbọ́ ariwo ẹsẹ̀ lójú títì. Ó rò pé àwọn tó ń lọ sí ìpàdé àdúrà ni. Ariwo náà yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ géètì.

"Ààrẹ ò sí nílé," ni ohùn Ìyá Ṣeunfúnmi níwájú ilé, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. "Wọ́n ti lọ sórí òkè."

"A mọ̀," ni ohùn Alhaja Hassanat dáhùn. "Òkè náà la wá."

Ààrẹ dìde nínú abọ́, omi dà sílẹ̀, ó fa Ephraim lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì há ara wọn sáàárín tánkì àti ògiri, níbi tí aláǹgbá ń sá sí. Ó gbọ́ ohùn ọmọdé kan tó ń kà bọ̀: mítà mẹ́sàn-án, mítà márùn-ún, mítà méjì. Nígbà náà ló rántí ohùn píì yẹn. Nígbà náà ló sì rántí, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ohun tí ọmọbìnrin kan tó kúnlẹ̀ ti sọ fún un níbí yìí gan-an.

Iyìolúwa gbójú sókè kúrò lára ẹ̀rọ. Ó wo ẹ̀yìn tánkì.

"Ga shi nan," ó ní. "Anti, na same shi."

"Ní Yorùbá, Iyìolúwa," ni Tinúkẹ́ wí.

"Mo ti rí i, mà."

Ọgọ́ta ènìyàn dúró sẹ́yìnkùlé náà, wọ́n ń wo Ààrẹ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, abẹ́rẹ́ olóko sì kún ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kan, ìkejì mọ́ tónítóní.

"Ààrẹ," ni Alhaja Hassanat wí, "ẹ kú orí òkè."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ni, Alhaja."

Alhaja wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó funfun, ó rọ̀, ó ti hun jọ bí ẹsẹ̀ ọmọ tuntun. "Ẹsẹ̀ yín mọ́ o."

"Omi ìsun kan wà lórí òkè. Ibẹ̀ ni mo ti fọ̀ ọ́."

"Omi ìsun náà ṣì ń rú èéfín nínú abọ́."

Àgbà tó ṣiṣẹ́ réluwéè rí bú sẹ́rìn-ín, àwọn márùn-ún tó kù sì tẹ̀lé e bí ẹni tó ti ń di ẹ̀rín sínú láti oṣù Kẹrin. Iyìolúwa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òfin ló ń dà á láàmú.

"Anti, wọ́n ní bí a bá mú nǹkan, ká fi ohun tó tó o rọ́pò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," Alhaja gba ọ̀rọ̀ náà. "A máa mú un kúrò. Ohun tó tó o ò ní ṣòro láti rí."

Ephraim, tó ṣì há sẹ́yìn tánkì, rí i pé Alhaja na ìwé ìpàdé sí òun. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ó gbà á, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Níbí ni Ààrẹ ti fọ ẹsẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n."

Alhaja wá gba Ezra láyè láti sọ̀rọ̀. Ó fi nọ́ńbà bébà sìgá sínú ẹ̀rọ, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n sì lọ sí Dutsen Zomo. Iyìolúwa ló kọ́kọ́ gbé òkúta pẹlẹbẹ náà kúrò. Inú àpótí gbẹ. Ó mú pẹ́ńsù, ó yọ ahọ́n, ó sì kọ gbólóhùn tó gùn jù tí ó kọ ní Yorùbá láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i: "Mo kọ́kọ́ rí Ààrẹ lẹ́yìn tánkì kí n tó rí àpótí. Ó ń fọ ẹsẹ̀."

Ní oṣù Kejìlá, Ààrẹ ní ìbò kan. Ephraim búra fún un pé òun ló dì í. Ààrẹ mọ ẹni tó dì í. Wọ́n kó búlọ́ọ̀kù mẹ́ta náà fún ẹni tó ń mọ ilé lójú ọ̀nà. Tinúkẹ́ ni wọ́n yọ̀ǹda ìṣó ara ògiri fún, ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ ìrẹsì kọ́ sórí rẹ̀ kí ó lè gbẹ.

Ẹ rò pé ó tán? Ẹni bíi Gbádégẹṣin kì í tán bọ̀rọ̀. Ipò tó lọ kò dùn ún tó gbólóhùn tó wà nínú ìwé orí òkè, nítorí pé àwọn ọmọ ti ń kọ́ ọ sórí. Wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ náà lójú títì bí ó bá ń kọjá, wọ́n sì ń fi Yorùbá tó já gaara pè é. Ìgbà tó yá ló rántí pé pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́. Ohun tí a bá fi pẹ́ńsù kọ ṣeé pa rẹ́.

Ó ra rọ́bà ìpawérẹ́ kan. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ bo gbogbo Kaduna, ó wọ ọkọ̀ Kajuru láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gun òkè náà. Lóòótọ́ ni o, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i: Gbádégẹṣin gun òkè. Ó fi ọwọ́ rìn, ó fi orúnkún rìn, ó fi ìdí wọ́ níbi tí òkúta ti ń yọ̀. Abẹ́rẹ́ olóko lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì, lọ́fẹ̀ẹ́. Bàtà kan já. Wákàtí mẹ́rin ló fi dé àárín etí ehoro, ọjọ́ tí ó gun òkè ní tòdodo yìí sì ni ọjọ́ kan ṣoṣo tó ń gbàdúrà pé kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Ó ṣí àpótí. Ó rí ojú ewé náà. Ó pa gbólóhùn Iyìolúwa rẹ́, ó fẹ́ ẹ̀rún rọ́bà kúrò, ó tún pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì títí bébà fi fẹ́ ya. Ojú ewé funfun ló kù. Ó mí kanlẹ̀. Òfin ni pé ẹni tó bá dé ibẹ̀ kí ó kọ orúkọ rẹ̀. Ó gbé pẹ́ńsù, ó sì gbé e sílẹ̀, nítorí pé orúkọ rẹ̀ yóò sọ ẹni tó pa á rẹ́.

Ibẹ̀ ló wà, ó di rọ́bà mú, nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Ó ti gbàgbé pé Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni Tinúkẹ́ máa ń wá pààrọ̀ ìrẹsì.

Àwọn ọmọ mọ́kànlá dúró, wọ́n ń wò ó. Tinúkẹ́ wo bàtà tó já, ó wo orúnkún tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó wo rọ́bà, ó wo ojú ewé funfun. Ó kúnlẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe.

"Ẹ kú orí òkè, sà."

Gbádégẹṣin ṣí ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, òtítọ́ tó lè gbé e ga wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì lè sọ ọ́.

Iyìolúwa rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbẹ́ pẹ́ńsù, ó wo ibi tí bébà ti ṣá, ó kọ déètì ọjọ́ náà, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ kan:

"A tún rí i."